Ìwọ̀n kan náà, ilẹ̀ méjì: ìdáhùn fún ìyá kan ní Oǹdó lórí ìṣirò onígun mẹ́ta

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti ìlú Oǹdó. Ó ní bàbá òun fi ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan sílẹ̀ fún òun ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá odò Àlà, àti pé ìwé pélébé kan tí bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló kù tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ ọ̀hún. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì jẹ́ mítà 49, ẹ̀gbẹ́ tó bá etí odò lọ jẹ́ mítà 35, igun tó wà ní ìdí òpó iná, níbi tí ẹ̀gbẹ́ títì ti pàdé ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò, jẹ́ dígírì 38 àti ìṣẹ́jú 13. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní SS2 fi òfin sáìnì wá ẹ̀gbẹ́ kẹta, ó rí mítà 56. Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fa téèpù, mítà 21 ni wọ́n bá. Ó wá béèrè pé: “Ṣé ọmọ mi ló ṣì í ṣe ni, àbí téèpù ló ń parọ́, àbí wọ́n ti gé lára ilẹ̀ wa?”

Ẹ kú àbójútó ọmọ, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ọmọ yín kò ṣì í ṣe. Téèpù kò parọ́, ìwé bàbá náà kò sì parọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwọ̀n mẹ́ta tí bàbá kọ sílẹ̀ kò tó láti fi ilẹ̀ kan ṣoṣo hàn. Ilẹ̀ méjì tó yàtọ̀ síra gedegbe ló bá ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ọmọ yín ṣírò ọ̀kan, ẹ̀yin sì fa téèpù lórí èkejì. Bóyá wọ́n gé lára ilẹ̀ yín tàbí wọn kò gé e, ìwé yẹn nìkan kò lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí ẹ lè fi téèpù yín mọ̀ ọ́n, màá sì dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ rí ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdánù máàkì nínú ìdánwò WAEC. Kì í ṣe pé wọn kò mọ òfin. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Wọn kì í wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó yan òfin tí wọ́n máa lò ni.

Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn igun ilẹ̀ náà lórúkọ. Igun tó wà ní ìdí òpó iná ni a ó máa pè ní C. Igun kejì lójú títì, níbi afárá kékeré tí odò gbà kọjá, ni B. Igun kẹta tó wà lẹ́yìn, níbi òkúta ààlà, ni A. Àṣà àwọn oníṣirò ni láti fi lẹ́tà ńlá pe igun, kí wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré kan náà pe ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun yẹn. Nítorí náà, a tó dojú kọ A ni ẹ̀gbẹ́ títì, mítà 49. Ẹ̀gbẹ́ c tó dojú kọ C ni ẹ̀gbẹ́ odò, mítà 35. Ẹ̀gbẹ́ b tó dojú kọ B ni ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò tí a ń wá. Kí ọmọ yín ya àwòrán yìí sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó kọ nọ́ńbà kankan. Ẹni tí kò bá yà á kò ní mọ ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun wo, bẹ́ẹ̀ orí ìdojúkọ yẹn ni gbogbo òfin sáìnì dúró lé.

Òfin náà sọ pé bí a bá fi sáìnì igun pín ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́, iye kan náà la ó rí ní igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: a/sin A = b/sin B = c/sin C. Sáìnì dígírì 38 àti ìṣẹ́jú 13 jẹ́ 0.6186. Nípa bẹ́ẹ̀, sin A = 49 × 0.6186 ÷ 35, èyí tó jẹ́ 0.866. Ọmọ yín tẹ̀ ẹ́ sínú kalikulétọ̀, kalikulétọ̀ sì dáhùn pé dígírì 60 ni. Ó yọ 60 àti 38°13′ kúrò nínú 180, ó ku 81°47′ fún B, ó wá padà fi òfin kan náà wá b, ó rí mítà 56. Kò sí àṣìṣe nínú ìlà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 0 àti 180, igun méjì ni sáìnì wọn jẹ́ 0.866, ìyẹn 60 àti 120. Igun yòówù tí a bá mú, sáìnì rẹ̀ bá sáìnì ohun tó kù kí ó pé 180 dọ́gba, kalikulétọ̀ a sì máa mú èyí tí kò ju 90 lọ ní gbogbo ìgbà, láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òmíràn wà. Bí a bá mú 120 dípò 60, igun B á di 180 − 120 − 38°13′, ìyẹn 21°47′, ẹ̀gbẹ́ b á sì di mítà 21. Ohun tí ẹ fi téèpù bá lórí ilẹ̀ nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dà bí idán lójú ọmọ yín, kí ó fi okùn wò ó ní àgbàlá, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ilẹ̀ náà. Kí ó kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, kí àárín wọn jẹ́ mítà 4.9, ọ̀kan dúró fún òpó iná, èkejì fún afárá. Láti èèkàn òpó iná, kí ó fi ẹfun fa ìlà gígùn kan, bíi mítà 6, tó ṣe igun 38 dígírì pẹ̀lú ìlà tó so èèkàn méjèèjì pọ̀. Ìlà ẹfun yìí ni ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà kí ó so okùn tó gùn ní mítà 3.5 mọ́ èèkàn afárá, kí ó di ẹnu okùn náà mú, kí ó fà á le dáadáa, kí ó sì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí okùn ṣe ń yí. Ẹnu okùn náà á kan ìlà ẹfun lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, níbi tó jìnnà sí òpó iná ní nǹkan bíi mítà 2.1, ìgbà kejì, ní nǹkan bíi mítà 5.6. Ibi méjèèjì jìnnà sí afárá ní mítà 3.5 géérégé, ibi méjèèjì sì wà lórí ìlà kan náà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó. Kò sí ohun kan nínú ìwé bàbá tó sọ èyí tí òkúta ààlà wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú ìwọ̀n báyìí máa ń bí ilẹ̀ méjì, a sì lè mọ̀ kí a tó ṣe ìṣirò jìnnà. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ láti afárá dé orí ìlà aládùúgbò jẹ́ 49 × 0.6186, ìyẹn mítà 30.31. Ká ní ẹ̀gbẹ́ odò kúrú ju 30.31 lọ ni, okùn kò ní í dé ìlà náà rárá, a jẹ́ pé kò sí ilẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, kalikulétọ̀ á sì kọ Math ERROR. Ká ní ó jẹ́ 30.31 gan-an ni, okùn á kan ìlà lójú kan ṣoṣo, igun A á sì jẹ́ 90. Ká ní ó tó 49 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ kan ṣoṣo náà ló máa jáde, nítorí pé ojú kejì kò ní í bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò mọ́. Ìdí òpó iná gan-an tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Àárín 30.31 àti 49 ni wàhálà wà, 35 sì bọ́ sí àárín yẹn. Bí olùkọ́ bá béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ó kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, àyàfi tí ìbéèrè náà bá sọ pé igun náà ju 90 lọ tàbí pé kò tó o.

Ní báyìí tí ẹ ti fa téèpù, ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ òfin sáìnì. Òfin kósáìnì ló kàn: a² = b² + c² − 2bc cos A. Kí ọmọ yín má ṣe bẹ̀rù gígùn rẹ̀. Òfin Pythagoras tó ti mọ̀ láti JSS ni, àfi àtúnṣe kan tí a fi kún un ní ìparí nítorí pé igun náà lè má jẹ́ 90; bí igun A bá jẹ́ 90 gan-an, kósáìnì rẹ̀ jẹ́ òdo, àtúnṣe náà pòórá, ó ku a² = b² + c². Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì àtijọ́, ti mọ òtítọ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, láìlo kósáìnì. Bí a bá yí òfin náà padà láti fi wá igun, ó di cos A = (b² + c² − a²) ÷ 2bc. Ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀ yín sí i: 21² jẹ́ 441, 35² jẹ́ 1225, 49² jẹ́ 2401. A fi 2401 yọ lára 1666, ó di −735. A fi 2 × 21 × 35, ìyẹn 1470, pín in, ó di −0.5. Igun tí kósáìnì rẹ̀ jẹ́ −0.5 ni 120, kò sì sí òmíràn láàárín 0 àti 180. Àmì ìyọkúrò iwájú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé igun náà ju 90 lọ. Sáìnì kò lè sọ èyí fún wa. Kósáìnì kì í fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, bí ẹ bá ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, igun tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òfin kósáìnì wá. Igun kan ṣoṣo ló lè ju 90 lọ nínú onígun mẹ́ta, ibẹ̀ ni ó sì máa wà bó bá wà. Nígbà tí ẹ bá ti rí i, àwọn méjì tó kù kò lè tó 90, ẹ lè fi òfin sáìnì wá wọn láìbẹ̀rù. Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ro ẹ̀gbẹ́ méjì tó kúrú pọ̀; bí àròpọ̀ wọn kò bá ju èyí tó gùn jù lọ, ẹni tó wọn ilẹ̀ náà ti ṣì í wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó ni owó wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ìdajì ẹ̀gbẹ́ méjì tí a sọ di púpọ̀, lọ́nà sáìnì igun tó wà láàárín wọn: ½ × 21 × 35 × sin 120, èyí tó jẹ́ súkúyà mítà 318.26. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ọmọ yín ṣírò ni, ½ × 56 × 35 × sin 60, ìyẹn súkúyà mítà 848.70. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka púlọ́ọ̀tì kan sí ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100, púlọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ jẹ́ súkúyà mítà 464.5. Ilẹ̀ tí ẹ fa téèpù lé kò pé púlọ́ọ̀tì kan. Èkejì sún mọ́ púlọ́ọ̀tì méjì. Ìwé kan náà ló bí méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìlo igun rárá lè lo ọ̀nà Heron ará Alexandria, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi: ìdajì àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 52.5, ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, ó ku 3.5, 17.5 àti 31.5, ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì √ lórí èsì rẹ̀. Súkúyà mítà 318.26 náà ló máa jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mú kúrò níbí kọjá ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí a mọ̀ ló ń yan òfin, kì í ṣe òfin tí a kọ́ kẹ́yìn ní kíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta fi onígun mẹ́ta kan ṣoṣo hàn, òfin kósáìnì ló sì ń ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàárín wọn gan-an rí bẹ́ẹ̀ náà: ká ní bàbá kọ igun ìdí afárá sílẹ̀ dípò ti ìdí òpó iná ni, 49, 35 àti igun náà ì bá ti tó, ìjà kò sì ní í sí. Igun mẹ́ta láìsí ẹ̀gbẹ́ kankan kò fi ìwọ̀n hàn. Ìrísí nìkan ló ń sọ, ilẹ̀ ńlá àti ilẹ̀ kékeré lè jọ ní in. Bí ọ̀kan nínú àwọn igun náà bá jẹ́ 90, kò sí ìdí láti máa wá òfin ńlá kiri: SOHCAHTOA tó, ìyẹn sáìnì, kósáìnì àti tánjẹ́ńtì gẹ́gẹ́ bí ìpín ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tí kò sí láàárín wọn nìkan ló ń bí ìyàtọ̀ irú tiyín.

Igun méjì àti ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí a lè wọn ohun tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé. Kí ọmọ yín ro àwọn àpáta Ìdànrè. Kò sẹ́ni tó lè fa téèpù láti orí àpáta wá sílẹ̀. Ká sọ pé a dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a wo orí àpáta kan, igun ìwòkè náà sì jẹ́ 28. A rìn sún mọ́ ọn tààrà ní mítà 100, ó di 35. Igun tó wà lórí àpáta láàárín ìlà ojú wa méjèèjì jẹ́ 35 − 28, ìyẹn 7. Òfin sáìnì sọ pé láti ibi tí a dúró sí lẹ́ẹ̀kejì dé orí àpáta jẹ́ 100 × sin 28 ÷ sin 7, bíi mítà 385. A sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú sin 35, gíga rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 221. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi igun kejì wò ní dígírì kan péré, tí a kà á sí 36, gíga náà á di 198, mítà 23 sì ti sọnù nínú afẹ́fẹ́. Igun 7 ló fà á: bí igun tó wà lókè bá ti kéré, àṣìṣe díẹ̀ á di ńlá. Nítorí náà kí ìrìn àárín ìwò méjèèjì gùn dáadáa. Ọ̀nà yìí ni onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Gemma Frisius ṣàlàyé ní ọdún 1533 fún yíya àwòrán ilẹ̀, òun náà sì ni àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀ Nàìjíríà láti orí òkè dé orí òkè, kí ọ̀nà sátẹ́láìtì tó dé; òpó tí wọ́n ń pè ní L40 ní Minna ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n náà.

Ohun méjì nípa kalikulétọ̀. Dígírì 38 àti ìṣẹ́jú 13 kì í ṣe 38.13. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 13 jẹ́ 0.22, igun náà sì jẹ́ 38.22. Kí ọmọ yín sì tẹ sin 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá rí 0.5, kalikulétọ̀ náà kò sí ní ipò dígírì, kí ó tún un ṣe.

Mo wá dé ìbéèrè yín lórí bóyá wọ́n gé lára ilẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ ilẹ̀ méjèèjì hàn kedere ní ìdí afárá. Nínú èyí tí ẹ fa téèpù lé, igun àárín títì àti odò jẹ́ 21°47′, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá títì rìn. Nínú èyí tí ọmọ yín ṣírò, ó jẹ́ 81°47′, odò yà kúrò lára títì bí ẹni ń lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ dúró ní ìdí afárá náà, ẹ wọn mítà 10 lójú títì lọ sí apá òpó iná, ẹ fi èèkàn sí i. Ẹ padà sí ìdí afárá, ẹ wọn mítà 10 lẹ́bàá etí odò, ẹ má ṣe tẹ̀ lé òkúta ààlà, etí odò ni kí ẹ bá lọ, kí ẹ sì fi èèkàn kejì sí i. Ẹ wá fa téèpù láàárín èèkàn méjèèjì. Bó bá sún mọ́ mítà 3.78, a jẹ́ pé mítà 21 ni ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò láti ilẹ̀ wá, òkúta ààlà sì wà níbi tó yẹ kó wà. Bó bá sún mọ́ 13.09, a jẹ́ pé ilẹ̀ ńlá ni bàbá kọ sílẹ̀, wọ́n sì ti gbé òkúta náà kúrò ní ààyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ẹ má tíì bá aládùúgbò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ síbẹ̀, kí ó wọn igun ìdí afárá fún yín, kí ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.